Maimu Ń Ya Òkùnkùn

Abúlé Sarve,
Erékùṣù Hiiumaa.
Mọ́ńdè, oṣù Èrèlé.

Leida, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Gunnar ọkọ rẹ, mo sì kí orókùn rẹ ọ̀tún tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà tí yìnyín ti kọ́kọ́ bọ́. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kí ó má bá yín lórí ibùsùn. Ní tèmi, ara mi le koko bí ọta. Imú nìkan ni kò yéé ṣomi, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn ní erékùṣù wa, àmì pé ènìyàn ṣì wà láàyè ni.

O bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá òótọ́ ni ohun tí o gbọ́, pé orí mi ti ń dàrú, àti pé Tarmo ọmọ mi fẹ́ ti ilé mi pa kí ó sì kó mi lọ sí Tallinn. Mo ní kí o fara balẹ̀, pé n ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, ìwọ náà sì mọ ara rẹ, o máa ń sùn lọ bí ènìyàn bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó yá, bu tíì rẹ, kí o sì jókòó dáadáa.

O mọ kámẹ́rà tí mo rà nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi ọmọ Tarmo. Òun náà ni. Kò sí ohun àrà kankan lára rẹ̀. Lẹ́ǹsì tí mo fi sí i, ọwọ́ ayàwòrán ìgbéyàwó kan ní Kärdla ni mo ti rà á nígbà tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Ojú ìyàwó àti ẹkún ìyá ìyàwó ni lẹ́ǹsì náà ti ń rí látọjọ́ tó ti dáyé. Èmi wá kọ ojú rẹ̀ sókè. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wíwa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà réré ni mò ń yà: ìràwọ̀ tí kò lóǹkà, tí wọ́n kóra jọ bí ìlú ńlá, àmọ́ tí wọ́n jìnnà débi pé gbogbo ìlú náà kò ju ẹyọ eruku kan lọ, bí a bá tiẹ̀ rí i.

Àwọn ènìyàn rò pé àfi ẹni tó bá ní awò awọ̀nàjíjìn tó tó ilé ló lè ṣe é. Irọ́ ni. Sùúrù ló gbà, àti òkùnkùn gidi, méjèèjì sì pọ̀ ní Hiiumaa. Mo fi irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn so pákó ìgé-búrẹ́dì méjì pọ̀, mo fi mọ́tò kékeré sí i tó ń ṣí wọn díẹ̀díẹ̀ kí kámẹ́rà lè máa bá ojú ọ̀run yí. Mo di ìbọ̀sẹ̀ Ülo, ọkọ mi olóògbé, mọ́ lẹ́ǹsì lọ́rùn, pẹ̀lú iyọ̀ gbígbóná nínú rẹ̀, kí ìrì má baà bo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwòrán kan lé òmíràn, títí wọn ó fi pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí omi òjò tó ń kán láti etí òrùlé ṣe ń kún àgbá láìpariwo.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó da gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ní ìdọ̀tí tirẹ̀: á fi àmì funfun-funfun sínú àwòrán, tí ènìyàn á rò pé ìràwọ̀ ni, tí kì í sì í ṣe ìràwọ̀. Nítorí náà, tí mo bá ya ojú ọ̀run tán, n ó fi ìdérí bo ojú lẹ́ǹsì pátápátá, n ó sì tún ya ọ̀pọ̀ àwòrán sí i nínú òtútù kan náà. Nínú àwọn yẹn, ìdọ̀tí kámẹ́rà nìkan ló wà. Kọ̀ǹpútà á wá yọ ìdọ̀tí náà kúrò lára àwòrán ojú ọ̀run, bí ìgbà tí a bá wọn abọ́ lófìfo kí á lè mọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun tí a bù sínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ bá dé ẹ̀yìnkùlé rẹ lákòókò náà, ìyá arúgbó tó ń fi kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ wà ní bíbò yàwòrán ni yóò rí.

Ẹni tó dé ẹ̀yìnkùlé mi ni Endel, aládùúgbò wa ará Viljandi. Ó ti lo ogún ọdún láàárín wa, ó mọ ibi tí ẹja wà ju àwọn ọmọ bíbí erékùṣù lọ, ṣùgbọ́n àwàdà wa kò tíì yé e títí di òní. Ó bá mi pẹ̀lú iná pupa níwájú orí, nítorí iná funfun máa ń ba ojú jẹ́ nínú òkùnkùn, mo sì wọ ẹ̀wù òtútù Ülo tó ń wọ́lẹ̀. Ó wo kámẹ́rà, ó wo ìbọ̀sẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó ní, “Maimu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì ṣí i lójú o.” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Kí wá lẹ ń yà?” Mo ní, “Òkùnkùn ni. Ti ọdún yìí dára gan-an. Mo fẹ́ fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, o mọ̀ pé ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú mọ́ nígbà yẹn.”

Leida, ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ Hiiumaa kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Ká ní ọmọ ilé wa ni, á dá mi lóhùn pé kí n bá òun fi ìgò méjì pamọ́. Endel mi orí, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kúrò nílé olókùú, ó sì lọ pe ọmọ mi lórí fóònù.

Lọ́jọ́ kejì ni Tarmo pè. Ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀, ohùn tí bàbá wa máa ń lò fún màlúù tó ń ṣàìsàn ni. “Màmá, ṣé ẹ ń jẹun dáadáa? Màmá, kí lòní jẹ́?” Mo ní, “Òní ni ọjọ́ tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe ọmọ kékeré.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Kadri ìyàwó òun ti tọ́jú yàrá kan sílẹ̀ fún mi, pé àwọn ti bá dókítà sọ̀rọ̀, pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, a ó sì jọ wọkọ̀ padà ní Sọ́ńdè. Ti ilé ńkọ́? Ó ní a ó tì í ná, “ká máa wò ó títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn”. Ìwọ àti èmi mọ ohun tí ilé tí wọ́n bá tì bẹ́ẹ̀ máa ń dà.

Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Mo ti sùn nínú yàrá yẹn rí. Òpó iná kan wà lójú fèrèsé rẹ̀ tó ń tàn láti alẹ́ di òwúrọ̀, ojú ọ̀run ibẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí ọbẹ̀ àná. Bí ènìyàn bá rí ìràwọ̀ márùn-ún níbẹ̀, ó ti ṣoríire. Kadri ń ṣe dáadáa sí mi, mo sì fẹ́ràn àwọn ọmọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú mi kúrò níbi tí òkùnkùn wà, kí ni n ó máa jí fún? Ilé mi nìyí. Níbí ni mo fẹ́ máa gbé.

Ní Fúráìdé, afẹ́fẹ́ gbá ìkùukùu lọ, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Mo ní bí ọmọ mi bá ń bọ̀ lọ́la, ó yẹ kí n ní ohun tí n ó fi hàn án. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó dáná oúnjẹ alẹ́, bó ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Mo dojú lẹ́ǹsì kọ apá òkè Kẹ̀kẹ́ Ńlá, àwọn ìràwọ̀ méje tí Màmá fi kọ́ wa láti mọ àríwá, níbi tí àgbájọ ìràwọ̀ méjì ti jọ ń gbé. Tọkọtaya ni mo máa ń pè wọ́n. Mo yà wọ́n títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni mo bo lẹ́ǹsì, mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ kí ó máa dá ya ìdọ̀tí ara rẹ̀ lọ, mo sì wọlé. Mo se ọ̀dùnkún, mo jókòó lẹ́bàá ààrò, mo ń hun ìbọ̀sẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dúró ṣọ́ kámẹ́rà tó dijú.

Ọ̀dùnkún ti jinná, ó tiẹ̀ ti ń tutù, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Tarmo ni, imú rẹ̀ pọ́n, kámẹ́rà mi wà lábẹ́ apá rẹ̀ pẹ̀lú pákó àti ìbọ̀sẹ̀. Ó ti bá ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ náà wá láìdúró di Sátidé. “Ẹ jókòó, Màmá, mo ti bá yín gbé e wọlé, òtútù pọ̀ níta.” Mo wo lẹ́ǹsì, ìdérí wà lójú rẹ̀ bí mo ṣe fi sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀, mo sì rí i pé omi wà lójú rẹ̀. Mo rò pé òtútù ló fà á.

Lẹ́yìn tí a jẹ ẹja yíyan àti ọ̀dùnkún tán, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà mo ní, “Tarmo, jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Lọ́la, tí a bá jẹun àárọ̀ tán, n ó fi ohun tí mò ń yà hàn ọ́. Bí o bá rí àgbájọ ìràwọ̀ méjèèjì, ìwọ nìkan lo máa wọkọ̀ ní Sọ́ńdè. Bó bá jẹ́ òkùnkùn lo rí, n ó di ẹrù mi, n ò sì ní ráhùn.” Ó ní, “Ó dáa, Màmá,” kíá, láì tiẹ̀ rò ó. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu mí lára. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ mi, mo sì sùn bí ẹni tó ti borí.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo kó gbogbo àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, mo pe Tarmo kó wá jókòó tì mí. A wo ẹ̀rọ náà títí ó fi ṣe tán. Leida, òfìfo ni. Kì í ṣe pé àwòrán náà burú o, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, kò sí tọkọtaya, kò tiẹ̀ sí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Dúdú kirikiri. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló gbé jáde. Tarmo gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Kò burú, Màmá. Kò burú rárá.” Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní kó lọ dáná sí ilé ìwẹ̀ olóoru, torí Sátidé ni ọjọ́ ìwẹ̀ wa, mo sì fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó jáde tán, mo jókòó síbẹ̀. Ṣé mo bo lẹ́ǹsì lóòótọ́? Àbí ìgbà tó yẹ kí n ṣí i ni mo bò ó? Mo rántí pé mo bò ó, ṣùgbọ́n ṣé àná ni mo rántí àbí ọjọ́ mìíràn? Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá ń pè mí ní orúkọ rẹ, tó sì ń pe ìwọ ní orúkọ adìyẹ. Mo ní, ó ti dé nìyẹn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo rò ó pé bóyá Endel ló rí òótọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti wa bọ́ọ̀sì lórí yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún, n ò sì gbàgbé ọmọ kankan sójú ọ̀nà rí. Bọ́ọ̀sì tí kò bá ṣiṣẹ́, a kì í jókòó sídìí rẹ̀ sunkún, a máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò ni. Mo nu imú mi, mo ṣí àwọn àwòrán tí kámẹ́rà yà pẹ̀lú ìdérí lójú, mo ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ dúdú bó ṣe yẹ. Èyí tó tẹ̀lé e dúdú. Òmíràn tún dúdú. Lẹ́yìn náà ni mo kan ọ̀kan tó pupa látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ilà funfun tó ṣe bàìbàì láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìràwọ̀! Ìràwọ̀ wà nínú gbogbo èyí tó kù, tọkọtaya mi náà sì wà níbi tí mo fi wọ́n sí gan-an, torí mọ́tò mi ṣì ń bá ọ̀run yí. Kọ̀ǹpútà kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo ní kó yọ ìdọ̀tí kúrò lára ìràwọ̀, ó yọ ìràwọ̀ kúrò lára ìràwọ̀. Kí ló máa wá ṣẹ́kù?

Mo padà sídìí àwòrán pupa yẹn. Pupa, pẹ̀lú ilà funfun. Leida, ìbọ̀wọ́ ni, èmi ni mo sì hun ún. Mo hun ún fún Tarmo ní Kérésì tó kọjá.

N ò pariwo. Mo dúró títí ó fi padà wọlé, tí èéfín igi ń rùn lára rẹ̀. Mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ọmọ mi, lálẹ́ àná, ṣé o fọwọ́ kan nǹkan lára kámẹ́rà mi kí o tó gbé e?” Ó ní rárá. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó wo pupa náà, ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó ń gbẹ lẹ́bàá ààrò, ó sì jókòó lójijì. Ó ní, “Màmá, mo rí i pé ẹ gbàgbé láti ṣí i. Ó ń yàwòrán lọ, ojú ẹ̀ sì wà ní bíbò. Àánú yín ṣe mí. Mo ní n ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, kójú má baà tì yín. Mo tan iná fóònù mi, mo ṣí i, mo pa iná náà, mo dúró tì í títí tó fi yà tán, mo sì bò ó padà.”

Mo ní, “Tarmo, gbogbo ìràwọ̀ tí ìyá rẹ kó jọ, o fọwọ́ ara rẹ gbá a dànù.” Mo wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, abọ́ òfìfo àti ìyẹ̀fun, ìdọ̀tí àti ìdérí, bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọ. Ó ní, “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Endel?” Mo ní, “Endel ò bi mí nípa abọ́.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó ní òun ò rí oorun gidi sùn láti ìgbà tí Endel ti pe òun. Ìyẹn dùn mí, inú mi sì tún dùn: ọmọ mi dúró nínú òtútù yẹn, láìjẹun, ó ń ṣọ́ kámẹ́rà ìyá rẹ̀ kí ojú má baà tì í. Mo fẹ́ràn ọmọ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ.

Nígbà náà ni mo sọ fún un pé ohun tó yà kò ní ṣòfò. Mo kó àwọn àwòrán tirẹ̀ kúrò láàárín àwọn oníìdérí, mo dà wọ́n mọ́ tèmi. Àwọn díẹ̀ tó dúdú lóòótọ́ tó láti fi yọ ìdọ̀tí. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Tọkọtaya náà jáde: ọ̀kan rí róbótó, ó ń yí bí wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú kọfí, èkejì gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Mo ń fọ́nnu lọ́wọ́ nígbà tí Tarmo sún imú mọ́ ẹ̀rọ náà, tó ń fi apá ẹ̀wù nu igun kan níbẹ̀. “Màmá, ìdọ̀tí kan ṣì wà níbí.” Ó nù ún, kò kúrò. Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Leida, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀kẹta ni, àgbájọ ìràwọ̀ kékeré kan tó wà nítòsí àwọn méjèèjì, tí mo ti ń wá láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ tí mo kó jọ kò tó láti fi rí i. Ìmọ́lẹ̀ tí Tarmo fi àánú kó jọ ló gbé e jáde.

Ó bi mí pé báwo ló ṣe jìnnà tó. Mo ní nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yẹn gbéra, kò tíì sí ọmọ kankan láyé tó lè pe ìyá rẹ̀ ní arúgbó. Lẹ́yìn náà ó pe Kadri lójú mi, ó ní kó dá yàrá náà padà fún àwọn ọmọ.

Ní Sọ́ńdè, Endel ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa dé èbúté Heltermaa, torí ó ti rò pé ẹrù mi máa pọ̀. Nígbà tó rí i pé àpò Tarmo nìkan ló wà nínú bùùtù, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rò pé n ò gbọ́. Ó ní, “Màmá ńkọ́? Ṣé ẹ ti rójútùú ẹ̀?” Tarmo wò ó, ojú rẹ̀ le bí ojú pásítọ̀. Ó ní, “A ti rí i, Endel. Iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún wọn. Ẹnì kan ò lè dá ya gbogbo òkùnkùn yìí tán. Èmi náà á máa wá lóṣooṣù wá ràn wọ́n lọ́wọ́.” Endel mi orí. Leida, ńṣe ni mo kọjú sí òkun. Mo ti rò pé Tallinn ti gba ẹnu erékùṣù lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Mo fi àwòrán náà sínú àpòòwé yìí. Ẹ̀kẹta wà ní igun nísàlẹ̀ lápá òsì. Gbé awò ojú rẹ wọ̀ kí o tó wò ó, má sì nù ún. Kí Ọlọ́run fún orókùn rẹ lágbára, kí Gunnar má ṣàìsàn, kí àwọn ọmọ rẹ máa bi ọ́ léèrè kí wọ́n tó máa ṣàánú rẹ. Kí a fojú rinjú láyọ̀ nígbà tí yìnyín bá yọ́ lójú omi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí orí rẹ̀ ṣì pé,

Maimu.

Àfikún: Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Endel ni. Ó gbé ìgò òfìfo méjì wá, ó ti fọ̀ wọ́n mọ́, ìdérí wà lórí wọn. Ó ní, “De ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, bí tiyín bá ṣẹ́kù.” Mo wo ojú rẹ̀, mo wò ó títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, n ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Mo gba àwọn ìgò náà, mo dúpẹ́, mo ṣí wọn, mo sì gbé wọn síta kí wọ́n máa kún.